Ẹ Má Kàn Wòran, Ẹ Bèèrè

Ọ̀rọ̀ orí rédíò lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, fíìmù àti ìpàtẹ nílé àṣà

Ohun mẹ́ta tí ilé àṣà máa ń ṣe fún ará ìlú ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Èkíní ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹnikẹ́ni lè wọlé gbọ́. Èkejì ni fíìmù tó ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an hàn wá, èyí táwọn oníṣẹ́ fíìmù ń pè ní dọkumẹ́ńtárì. Ẹ̀kẹta ni ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Bí a bá dárúkọ ilé àṣà létí ọ̀pọ̀ wa, ìlù àti ijó ló ń wá sí wa lọ́kàn. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti lọ jẹ ìgbéyàwó, ibi àga oníke, aṣọ ẹbí àti kúlà ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Èyí náà kò burú. Owó tó ń wọlé látibẹ̀ ló ń ra dísù sí jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ilé àṣà lè ṣe, tí ilé ayẹyẹ kò lè ṣe, tí ilé ẹ̀kọ́ pàápàá kì í sábà ráyè ṣe. Ó lè mú ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kàwé jókòó síwájú ohun kan náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn sì láǹfààní láti dìde bèèrè pé, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́, fíìmù àti ìpàtẹ, kò sí èyí tó pé fúnra rẹ̀ nínú wọn. Ẹni tó wá wò ó, tó sì bèèrè, ló ń mú kó pé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Ní oṣù Ògún ọdún 1903, wọ́n fi fíìmù han ará ìlú ní Gbọ̀ngàn Ìrántí Glover. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú rẹ̀ wáyé nílẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ọ̀gbẹ́ni Balboa, tó wá láti Barcelona nílẹ̀ Sípéènì, ló gbé ẹ̀rọ náà dé; Herbert Macaulay sì lọ́wọ́ sí ètò rẹ̀. Fíìmù ayé ìgbà náà kúrú, kò sì lóhùn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣe eré àròsọ rárá, àwòrán ohun tó ṣẹlẹ̀ níbì kan ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní 1904, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní rìnrìn àjò lọ sí ìlú ọba, ó sì fojú kan Ọba Edward Keje. Nígbà tí fíìmù tó gbé àwòrán ìrìnàjò náà dé Èkó, èrò ya lọ wò ó.

Kí ló gbé èrò náà wá? Ìyanu ẹ̀rọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀gbá tó wà l'Ékòó nígbà náà fẹ́ rí ọba rẹ̀ ni. Ó fẹ́ mọ̀ bí wọ́n ṣe gbà á lálejò, aṣọ tó wọ̀, àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bójú tó ilé àṣà, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí èrò kò bá wá, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ pé ará ìlú kò fẹ́ ìmọ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé kalẹ̀ kò kàn wọ́n, tàbí pé ẹ kò tíì fi ibi tó ti kàn wọ́n hàn wọ́n.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, kò pẹ́ tí wọ́n fi dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tó ń gbé ẹ̀kọ́ jáde kúrò nínú ọgbà, lọ bá àwọn àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́ nílùú wọn. Ulli Beier, ará Jámánì tó dé Ìbàdàn ní 1950, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka náà. Iṣẹ́ yìí ló ń gbé e kiri ìlú Yorùbá, tó fi di ẹni tó ń gbé Ẹdẹ, Ìlobùú àti Òṣogbo. Ohun tó yẹ kó yé wa nínú ìtàn yìí ni pé ìmọ̀ ló dìde lọ bá èèyàn, kò dúró de kí èèyàn wá kanlẹ̀kùn.

Ní 1961, Beier àti àwọn òǹkọ̀wé kan dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọlé Ṣóyínká wà níbẹ̀. Chinua Achebe, J. P. Clark, Christopher Okigbo, àti Ezekiel Mphahlele tó wá láti South Africa náà wà níbẹ̀. Inú àgbàlá ilé kan tó ti jẹ́ ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì, nítòsí ọjà Dùgbẹ̀, ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó. Wọ́n ṣeré níbẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n tẹ ìwé, wọ́n sì pàtẹ àwòrán. Ní 1962, Jacob Lawrence, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Malangatana láti Mòsáńbíìkì náà pàtẹ tirẹ̀ lọ́dún kan náà. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé àti akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọlé.

Òṣogbo ni ọ̀rọ̀ ti wá yàtọ̀. Tíṣà ni Dúró Ládípọ̀, ó sì tún ń ṣe orin ìjọ. Ó gbé ìlù ilẹ̀ wa wọ inú orin tó ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà ìjọ kò sì fara mọ́ ọn. Ní 1961, ó gbé orin náà lọ sí Mbari Ìbàdàn. Ohun tó rí níbẹ̀ wọ̀ ọ́ lójú. Ó ní ilé kan ní Òṣogbo tó fi ń ta ọtí. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1962, ó sọ ilé ọtí náà di ilé àṣà. Eré Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n fi ṣí i. Orúkọ Ìgbò ni Mbari, ará Òṣogbo kò mọ̀ ọ́n rí, ni wọ́n bá fi Mbáyọ̀ kún un, ó di Mbári Mbáyọ̀, ilé náà sì di tiwọn. Nígbà tó di 1963, ibẹ̀ ni Ọba Kò So ti jáde. Lọ́dún 1964, eré kan náà dé orí ìtàgé ní Berlin, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ṣe é níbẹ̀, wọn kò yí i padà nítorí àlejò.

Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ Mbári Mbáyọ̀ ni àwọn tó wá wòran níbẹ̀. Láàárín 1962 sí 1964, wọ́n ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú àwòrán yíyà. Denis Williams, ará Guyana, darí rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Georgina Beier, ayàwòrán, ló darí ti 1964. Wọn kò bèèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Jimoh Buraimoh, iṣẹ́ iná ló ń ṣe fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀. Òun ló ń tan iná sórí ìtàgé. Ó wọlé síbẹ̀, ó sì jáde di ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ àwòrán tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe. Táíwò Ọláníyì, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Twins Seven-Seven, ijó ló ń jó fún àwọn olóògùn tó ń polówó ọjà káàkiri nígbà tó ya síbẹ̀. Ní 2005, UNESCO fi oyè Oníṣẹ́ Ọnà fún Àlàáfíà dá a lọ́lá. Muraina Oyelami láti Ìràgbìjí ṣeré orí ìtàgé, ó lùlù, ó yàwòrán, ó sì padà di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Oníṣẹ́ iná, oníjó àti òṣèré ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọlé. Wọ́n wo ohun tí wọ́n gbé síwájú wọn, wọ́n sì bèèrè bóyá àwọn náà lè ṣe é.

Kí ìtàn yìí má baà dùn jù, ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un. Lára owó tó gbé Mbari Ìbàdàn dìde wá látọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan nílẹ̀ òkèèrè tó ń jẹ́ Congress for Cultural Freedom. Láàárín 1966 sí 1967, àṣírí tú síta pé iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, CIA, ló ń fún ẹgbẹ́ náà lówó lábẹ́lẹ̀. Èyí kò sọ eré àti ìwé tí wọ́n ṣe di ohun ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé ó yẹ kí ará ìlú máa bèèrè ẹni tó ń sanwó iná, àní níbi tí ohun tí wọ́n ń ṣe bá dára pàápàá.

Ẹ jẹ́ ká wá kúrò lórí ilé, ká wọ inú ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìpàtẹ ni màá fi ṣáájú. Ẹ bá mi lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1954, ká dúró síwájú orí kan péré. Ní 1938, àwọn kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, kò jìnnà sí ààfin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kan àwọn orí tí wọ́n fi bàbà àti idẹ rọ, tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ tán. Ọjọ́ orí wọn ju 600 ọdún lọ. Ọ̀pọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orí àgbàlagbà.

Ẹ sún mọ́ àpótí onígíláàsì náà. Ẹ wo ojú rẹ̀. Ìlà tín-tìn-tín ti iwájú orí sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n, wọ́n jọ ara wọn bí okùn aṣọ òfì, wọn kò sì forí kora. Ẹ wo ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́: ihò wẹ́wẹ́ tò síbẹ̀. Ẹ gbójú sókè díẹ̀: ihò mìíràn tún wà níbi tí irun orí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọrùn: oníṣẹ́ náà kò gbàgbé ìlà ẹran ara tó máa ń wà lọ́rùn ẹni tó sanra. Káàdì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè ju ìlà mẹ́ta lọ. Kò lè sọ gbogbo ohun tí ojú yín ń rí.

Báyìí ni ìbéèrè yóò ṣe bẹ̀rẹ̀. Ṣé ilà ojú nìyẹn? Irú ilà tó bo gbogbo ojú báyìí kò sí lójú ọmọ Ifẹ̀ òde òní. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ilà ayé àtijọ́ ni. Àwọn kan ní òjìji ìlẹ̀kẹ̀ tó ń bo ojú ọba látorí adé ni. Àwọn mìíràn ní bóyá kí ọ̀dà lè dì í mú ni. Ihò ètè náà ńkọ́? Bóyá irùngbọ̀n ni wọ́n ń so mọ́ ọn, bóyá ìlẹ̀kẹ̀. Lórí àwọn orí mìíràn tí wọ́n hú níbẹ̀, kò sí ìlà kankan, ojú wọn ń dán. Kí ló dé tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kò jọra? Ẹni tó bá wo orí kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò rí ohun tó pọ̀ ju ti ẹni tó sáré wo ọgọ́rùn-ún ohun ní wákàtí kan.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àfojúbà náà ní ibi tó mọ. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀, ó sì fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀ ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ará Gíríìsì àtijọ́, àwọn ará ilẹ̀ Atlantis inú ìtàn àròsọ, ló ní ọgbọ́n yẹn, kì í ṣe àwọn baba ńlá àwọn tó bá níbẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ojú rẹ̀ rí i, ṣùgbọ́n ohun tó ti gbé wá látilé ló fi túmọ̀ rẹ̀. Àwọn orí Wúnmọníjẹ̀ àti iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn tó tẹ̀ lé e ló fọ́ irọ́ náà yángá.

Àwọn orí náà fúnra wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́nká. Mẹ́ta nínú wọn bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, wọ́n sì kúrò nílẹ̀ yìí. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, dá méjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà ní 1950. Ìkẹta wà ní British Museum ní London títí di òní. Ọ̀ọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tó jọba láti 1930 sí 1980, kó ìyókù pamọ́, ó sì ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà lẹ́yìn. Ní 2010, nígbà tí British Museum ṣe ìpàtẹ ńlá lórí Ifẹ̀, Nàìjíríà ló yá wọn ní ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n pàtẹ. Bí ẹ bá dúró síwájú ohun kan nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ bèèrè ohun tó jẹ́, kẹ́ ẹ sì tún bèèrè ọ̀nà tó gbà débẹ̀.

Ìpàtẹ ní àléébù kan: ohun tó wà nínú gíláàsì kì í mira. Ẹ gbé igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú àpótí, a ó rí ọgbọ́n agbẹ́gilére, àmọ́ ìlù kò sí, aṣọ kò sí, ṣaworo ẹsẹ̀ kò sí, orin Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi ń bú òṣìkà ìlú lóru kò sí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò, kì í ṣe igi lásán; odindi ìran ni. Fíìmù ló lè dá ìmira yẹn padà. Peggy Harper àti Frank Speed ya fíìmù lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Frank Speed yìí kan náà bá Ulli Beier ṣe fíìmù lórí àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo láàárín ọdún 1960 sí 1969. Dúró Ládípọ̀ kú ní 1978. Ẹni tí wọn kò tíì bí nígbà náà ṣì lè wo bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀ lórí ìtàgé nítorí pé ẹnì kan gbé kámẹ́rà síwájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n fíìmù náà ní ohun tó ń fi pamọ́. Kámẹ́rà kì í wo ibi gbogbo. Ibi tí ẹni tó dì í mú kọjú sí ló ń wò. Kámẹ́rà ayé ìgbà náà fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ oòrùn, nítorí náà ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lóru ṣòro fún un láti mú. Lẹ́yìn yíyà, wọ́n tún ń gé e. Ohun tó gba ọjọ́ méje lè di ogójì ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá ń wo dọkumẹ́ńtárì, ẹ fetí sí ohùn tó ń ṣàlàyé. Ṣé ará ìlú náà ló ń sọ̀rọ̀, àbí ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ lórí wọn nígbà tí ètè wọn ń mì? Ẹ ka iye ìgbà tí obìnrin sọ̀rọ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹni tí fíìmù dá lé lórí rí fíìmù náà rí.

Ẹ jẹ́ ká rékọjá sí orílẹ̀-èdè Benin, ká wo ibi tí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé ara wọn láìpẹ́ yìí. Ní 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé tí Ọ̀gágun Dodds kó sòdí wọ Abọ́mì, olú ìlú ìjọba Dahomey, wọ́n sì kó ohun ààfin lọ. Ní oṣù Bélú ọdún 2021, Faransé dá 26 nínú rẹ̀ padà. Ní oṣù Èrèlé 2022, wọ́n pàtẹ wọn ní Kutọnu, níbi iṣẹ́ ààrẹ, pẹ̀lú iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní. Àwọn tó wá wò ó lé ní 200,000. Mati Diop, ọmọ Faransé tí bàbá rẹ̀ wá láti Senegal, ya dọkumẹ́ńtárì lórí ìpadàbọ̀ náà, ó pè é ní Dahomey. Fíìmù yìí ló gba ẹ̀bùn tó ga jù níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2024.

Nínú fíìmù yẹn, ẹ ó rí àwọn ohun náà nínú àpótí onígi, tí wọ́n ń dè wọ́n, tí wọ́n ń gbé wọn sínú ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ ó gbọ́ ère Ọba Gezo tó ń sọ̀rọ̀ lédè Fọ̀n, bí ẹni tó jí láti ojú oorun gígùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Abomey-Calavi wá jókòó, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láàárín ara wọn. Inú àwọn kan dùn. Inú ń bí àwọn kan pé 26 kò tó nǹkan kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ṣì wà lọ́hùn-ún. Ẹnì kan ń bèèrè ìdí tí òun fi ń fi èdè Faransé jiyàn lórí ogún baba òun. Apá ìjíròrò yìí ló mú fíìmù náà dúró fún mi. Ìpàtẹ kó ohun jọ, fíìmù tẹ̀ lé e, àmọ́ ìbéèrè àwọn ọmọ yẹn ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ alààyè.

Àwa Yorùbá náà ní ìbéèrè tiwa níbẹ̀. Gezo tí wọ́n fi ère rẹ̀ han àwọn èrò náà ló kó ogun wá bá Abẹ́òkúta ní 1851, tí Ẹ̀gbá ṣẹ́ ẹ padà lẹ́yìn odi ìlú. Glele ọmọ rẹ̀ tún wá ní 1864. Ogun Dahomey kan náà ló fọ́ Kétu ní 1886, tí wọ́n sì kó ará ìlú lẹ́rú. Ọmọ Kétu, tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Benin lónìí, yóò dúró síwájú ère yẹn, yóò sì ní ohun méjì lọ́kàn: ayọ̀ pé ohun tí òyìnbó kó lọ ti dé, àti ìrántí ohun tí ogun Dahomey ṣe sí baba ńlá rẹ̀. Kò yẹ kí ìpàtẹ kankan pa ọ̀kan mọ́lẹ̀ nítorí èkejì. Bí káàdì ara gíláàsì kò bá sọ ọ́, ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ni yóò bèèrè.

Ibi tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti wúlò nìyẹn. Ohun tí ère kò lè sọ, tí fíìmù fò dá, ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ wádìí rẹ̀ lè dìde ṣàlàyé rẹ̀, kó sì gba ìbéèrè. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́ sí ara wa: ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ni kì í tètè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kí àwọn tó wà lórí àga iwájú fún wákàtí kan, olùbánisọ̀rọ̀ á ka ìwé olójú-ewé ogójì pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tó le, nígbà tó bá sì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, alága á ní àsìkò ti lọ, ìbéèrè méjì péré ni òun yóò gbà. Ẹni àkọ́kọ́ tó gba máìkì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọba, á kí ìjòyè, á kí alága, á ní òun kò ní ìbéèrè, òun kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ ni. Bí ìpàdé ṣe máa túká nìyẹn.

Àwọn kan á ní àṣà wa kò fàyè gba kí ọmọdé máa bi àgbà léèrè ní gbangba. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àṣà wa kò fàyè gba àfojúdi, ìyẹn yàtọ̀ sí ìbéèrè. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ là mí lọ́yẹ̀, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn?" kò rí ẹnikẹ́ni fín. Àwọn àgbà ló sọ pé abéèrè kì í ṣìnà. Àwọn náà ló tún sọ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń sọ̀rọ̀ lórí idẹ rírọ lè má mọ ohun tí alágbẹ̀dẹ tó jókòó lẹ́yìn mọ̀ nípa ooru iná. Bí wọn kò bá fún alágbẹ̀dẹ yẹn ní máìkì, tí wọn kò sì sọ̀rọ̀ ní èdè tó gbọ́, gbogbo wa la pàdánù.

Kí ẹ má baà lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè mẹ́ta lé yín lọ́wọ́. Ẹ lè lò wọ́n níwájú ère, níwájú fíìmù àti níwájú olùbánisọ̀rọ̀. Ìkíní: Ta ló ṣe èyí, ta ló sì sanwó rẹ̀? Ìkejì: Báwo lẹni tó ń sọ ọ́ ṣe mọ̀? Ìkẹta: Ohùn ta ni a kò gbọ́ níbẹ̀? Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá lè bèèrè ìbéèrè mẹ́ta yìí, ó ti kọ́ ohun tí yóò lò kọjá ilé àṣà. Yóò lò ó nígbà tí fídíò bá wọ orí fóònù rẹ̀, tí wọ́n ní kó fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń darí ilé àṣà, nílé ìjọba tàbí láàárín àdúgbò. Ẹ fi ètò yín sí àsìkò tí oníṣòwò lè wá. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa fi Yorùbá ṣàlàyé, kódà bí àlejò bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi fíìmù hàn, ẹ tan iná lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ó kéré tán ìdajì wákàtí sílẹ̀ fún èrò. Ẹ gba ohùn àwọn àgbà tó bá dìde sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ orúkọ wọn àti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́, nítorí ohun tí wọ́n sọ lálẹ́ ọjọ́ náà lè má sí nínú ìwé kankan.

Fún ẹ̀yin olùgbọ́, iṣẹ́ àmúrelé rèé. Ẹni tó bá sún mọ́ Ilé-Ifẹ̀, kó lọ wo orí kan péré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá wà ní ìhà Ìgbómìnà, kó dé Ẹ̀siẹ̀, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti ṣí ní 1945, kó lọ wo àwọn ère olókùúta tó lé ní 1,000. Ará Èkó ní Onikan, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà láti 1957, tí ilé John Randle fún àṣà àti ìtàn Yorùbá náà sì wà nítòsí rẹ̀. Ẹni tó bá jìnnà sí gbogbo wọn, kó bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ bóyá gbọ̀ngàn ìlú ṣì ń ṣe ètò kankan fún ará ìlú, bí kò bá sì ṣe é mọ́, kó bèèrè ìdí. Ẹ mú ọmọ kan lọ́wọ́. Ẹ kọ ìbéèrè kan péré sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò lè dáhùn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa nílé iṣẹ́ yìí. Lára àwọn ìbéèrè yẹn ni a ó ti mú ọ̀rọ̀ tí a ó sọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.